Ẹ̀wà Bt àti àgbàdo TELA ní ilẹ̀ Okun: kí ni ti oyin, odò àti ẹ̀wà ìgbẹ́?

Àgbẹ̀_Ìyàrá

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wá forúkọ sílẹ̀ fún irúgbìn ẹ̀wà tí kòkòrò kì í jẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní SAMPEA 20-T. Ẹ̀wà ìkẹyìn òjò ni a fẹ́ fi gbìn, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án. Ẹgbẹ́ ti pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní oògùn tí à ń fín ti fẹ́ẹ̀ pa wá, kí á tètè gbà á. Àwọn kan ní GMO ni, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà, pé kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ baba wa.

Bóyá ó dára fún ikùn ènìyàn tàbí kò dára, wọ́n ń jà á níbòmíràn, mi ò fẹ́ kí á gbé e wá síbí. Ilẹ̀ ni mo ń béèrè. Tí a bá gbin ẹ̀wà yìí káàkiri Ìjùmú, ní ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí oyin, sí agbọ́n tó ń bá wa pa kòkòrò, sí ẹja inú odò, sí ẹ̀wà ìgbẹ́ tó ń hù létí ọ̀nà? Tí nǹkan bá sì bàjẹ́, ṣé ó ṣe é tún ṣe? Mo mọ̀ pé àwọn tó kàwé lórí kòkòrò wà nínú wa. Ẹ dákun, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ bó ṣe rí gan-an.

Onímọ̀_Kòkòrò

Ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó wọlé kò lè mọ ohun tó máa bàjẹ́.

Ohun abẹ̀mí kan tí ojú lásán ò lè rí wà nínú ilẹ̀, Bacillus thuringiensis ni orúkọ rẹ̀, Bt ni wọ́n gé e kúrú sí. Ishiwata, ará Japan, ló kọ́kọ́ rí i ní 1901 lára kòkòrò ṣẹ́dà tó ń kú. Ní 1911, Berliner ará Jámánì rí i lára àfòpiná inú ìyẹ̀fun ní Thuringia, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Láti 1938 ni wọ́n ti ń tà á ní Faransé bí oògùn tí àgbẹ̀ ń fín. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Bt yìí máa ń ṣe purotéènì kan. Tí kòkòrò ajewé bá gbé e mì, ikùn rẹ̀ tí kò kan rárá yóò yọ́ ọ, purotéènì náà á lẹ̀ mọ́ ìfun rẹ̀, á sì dá a lu. Kòkòrò náà á dẹ́kun oúnjẹ, á sì kú. Kò lè ṣiṣẹ́ lára ohun tí ìfun rẹ̀ kò ní ibi tó lè lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí irú tí wọ́n ń pè ní Cry1 fi ń pa ọmọ labalábá àti ọmọ àfòpiná, tí kì í pa èèrà, aláǹtakùn tàbí adìyẹ.

Cry1Ab, ọ̀kan nínú irú Cry1 yẹn, ló wà nínú ẹ̀wà tí ẹ ń sọ: wọ́n mú jíìnì rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó ń mú kí ohun abẹ̀mí ṣe purotéènì náà, láti ara Bt sínú ẹ̀wà. IAR, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ yunifásítì ABU Zaria, ló ṣiṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú AATF, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ Áfíríkà, àti CSIRO, ilé ìwádìí ìjọba Ọsirélíà. Monsanto, ilé iṣẹ́ irúgbìn Amẹ́ríkà, ló yọ̀ǹda jíìnì náà láìgba owó. NBMA, àjọ tó ń bójú tó irú nǹkan báyìí ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i ní 2019, ó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní 2021. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí àgbẹ̀ gbin ẹ̀wà Bt.

Maruca vitrata ló ń bá jà, kòkòrò tó ń jẹ òdòdó ẹ̀wà, tó tún ń wọ inú èso rẹ̀. Ibi tí ó bá ti pọ̀, ó lè jẹ tó 80% oko. Ẹ̀wà yìí kò ní í pa iná ewé, àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń lẹ̀ mọ́ ewé, kò ní í pa thrips, kòkòrò kéékèèké inú òdòdó, kò sì ní í pa àwọn tó ń fa omi inú èso mu. Dípò fífín ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni IAR ní kí àgbẹ̀ máa fín in. Ẹni tó bá ní ẹ kò ní í fín oògùn mọ́ rárá kò sọ òótọ́ fún yín.

Oníyin_Bùnú

Mo kí gbogbo ilé. Oyin ni mo ń sìn, kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àárín kajú ni a ń gbé ilé oyin sí ní Bùnú, ṣùgbọ́n kí kajú tó tanná nígbà ọyẹ́, òdòdó igbó àti òdòdó ẹ̀wà ni oyin ń jẹ. Àwọn aládùúgbò mi máa ń fín oògùn apakòkòrò cypermethrin sí ẹ̀wà ní òwúrọ̀, ní wákàtí tí òdòdó là gan-an, tí oyin sì wà lórí rẹ̀. Mo máa ń bá òkú oyin bẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn lọ́jọ́ kejì. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ìbéèrè mi rèé. Oògùn tí wọ́n fín, òjò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Èyí tó wà nínú igi ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé inú òdòdó àti àtíkè rẹ̀, ìyẹ̀fun inú òdòdó yẹn, kọ́ ni oyin ti máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́?

Onímọ̀_Kòkòrò

Ìbéèrè tó yẹ ni, Bàbá. Òótọ́ ni pé purotéènì náà lè wà nínú àtíkè òdòdó. Oyin kì í ṣe ẹbí labalábá, ìfun rẹ̀ kò sì gbà á. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan kó àyẹ̀wò 25 jọ tí wọ́n ti ṣe lórí oyin àti purotéènì Bt, wọ́n sì wò ó pọ̀. Wọn kò rí i pé ó pa oyin, ìbáà ṣe ọmọ inú afárá tàbí àgbà tó ń fò. Cypermethrin ní tirẹ̀ kì í yan ẹni tó ń pa.

Tísà_Ìsánlú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ àbúrò wa, ṣùgbọ́n kí á máa sọ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn kan nínú àwọn tó kọ ìwé 2008 yẹn ń ṣiṣẹ́ fún Monsanto lásìkò náà. Kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń sin oyin mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò náà sì jẹ́ ti inú yàrá ìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí labalábá monarch. Ní 1999, onímọ̀ Losey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà fi àtíkè àgbàdo Bt sórí ewé tí ọmọ labalábá yẹn ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú. Ariwo ta káàkiri ayé. Ta ló wá sọ fún wa pé irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ sí labalábá tiwa, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà?

Onímọ̀_Kòkòrò

Tísà, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n bá ìtàn yẹn dé òpin, nítorí kò parí sí 1999.

Ní 2001 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jáde lọ sínú oko gan-an. Wọ́n wo iye àtíkè tó ń bọ́ sórí ewé, àti bóyá ọmọ labalábá wà níbẹ̀ lásìkò tí àgbàdo ń yọ àtíkè. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàdo Bt tí wọ́n ń gbìn, ewu náà kéré gan-an. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Event 176 tí purotéènì inú àtíkè tirẹ̀ pọ̀ gidigidi, òun lè pa wọ́n, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lọ́jà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé Bt kan kò jọ Bt kan. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo GMO dára àti ẹni tó bá sọ pé gbogbo rẹ̀ burú, àwọn méjèèjì ò tíì wo èyí tó wà níwájú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú un wálé. Kòkòrò kànní tí àwọn ènìyàn wa ń ṣà jẹ lórí igi òrí, ọmọ àfòpiná ni. Tí ó bá jẹ Cry1Ab tó pọ̀ tó, ó ṣeé ṣe kí ó kú. Ṣùgbọ́n ewé igi òrí ni kànní ń jẹ, kì í jẹ ẹ̀wà. Àtíkè ẹ̀wà sì wúwo, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, atẹ́gùn kì í gbé e. Ọ̀nà tí yóò gbà dé orí igi òrí kò sí. Ti àgbàdo yàtọ̀, nítorí atẹ́gùn ni àgbàdo fi ń gbé àtíkè rẹ̀. Tí àgbàdo TELA, ìyẹn àgbàdo tí wọ́n fi Bt sí bíi ti ẹ̀wà yìí, bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí igi òrí rẹ̀ wà láàárín oko àgbàdo ní Yàgbà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n wá wo ewé igi òrí náà lásìkò tí àgbàdo bá ń tanná. Àyẹ̀wò tó yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe ni, kò gba owó púpọ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́wà_Kàbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka ohun tí ẹ ń kọ. Ẹ̀wà ni mò ń tà lọ́jà Kàbà. Kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò ńkọ́? Ṣé ti ilé ìtajà náà ti tán? Ibẹ̀ gan-an ni májèlé ti pọ̀ jù. Àwọn kan ń da òtápíápíá sórí ẹ̀wà kí wọ́n tó dì í.

Onímọ̀_Kòkòrò

Rárá, Ìyá. Èyí tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò jẹ́ ìran mìíràn, Callosobruchus ni, Cry1Ab kò mú un. Ẹ ṣì máa nílò àpò onípele mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní PICS. Òtápíápíá, ìyẹn dichlorvos, ni ìdí tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró ní 2015.

Ọmọ_Mọ̀pà

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ odò tí Ẹ̀gbọ́n Ìyàrá béèrè, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fín oògùn tán, odò ni ọ̀pọ̀ ti ń fọ pọ́m̀pù. Omi tí a ń pọn nísàlẹ̀ ni. Cypermethrin àti lambda-cyhalothrin, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú omi ti tó láti pa ẹja, àti àwọn kòkòrò omi tí ẹja kéékèèké ń jẹ. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń fi agbọ̀n gbọ́n ẹja nínú àwọn odò wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ wa ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní kí á má gba ẹ̀wà Bt nítorí àyíká, mo fẹ́ kí ó sọ ohun tí a ó ṣe sí èyí tí a ń dà sódò lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí oko ṣe rí lónìí ni kí á fi díwọ̀n rẹ̀, kí á má fi oko mímọ́ tí kò sí mọ́ díwọ̀n rẹ̀.

Tísà_Ìsánlú

Mo gba ọ̀rọ̀ odò náà wọlé, Àbúrò. Síbẹ̀, pé ohun tí à ń ṣe burú kò sọ ohun tuntun di èyí tí a kò ní í yẹ̀ wò. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti ẹ̀wà ìgbẹ́. Àgbàdo kò ní ẹbí nínú igbó wa, Mẹ́síkò ni ẹbí rẹ̀ wà. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, Áfíríkà ni orísun rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀ káàkiri ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, létí ọ̀nà àti ní ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi. Méjèèjì sì lè gba àtíkè ara wọn. Tí jíìnì Bt bá bọ́ sínú ẹ̀wà ìgbẹ́, ta ló máa lọ fà á yọ?

Onímọ̀_Kòkòrò

Kò sí ẹni tó lè fà á yọ, Tísà. Mi ò ní í bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Ohun tí a mọ̀ ni pé òdòdó ẹ̀wà máa ń gba àtíkè ara rẹ̀ kí ó tó là dáadáa, nítorí náà èyí tí oyin ńláńlá ń gbé láti igi kan sí òmíràn kò pọ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo. Tí a bá gbìn ín fún ọdún púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wà ìgbẹ́, yóò kọjá lọ́jọ́ kan. Ohun tó kù láti béèrè ni pé: tó bá kọjá, kí ni yóò ṣe? Tó bá jẹ́ pé Maruca ló ń dín ẹ̀wà ìgbẹ́ kù, nígbà náà èyí tó ní Bt lè máa so ju èyí tí kò ní lọ, kí ó sì máa tàn. Tó bá jẹ́ pé ẹran ajẹko, iná ọ̀dàn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń dín in kù, jíìnì náà kò ní í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fi gbà pé ó yẹ kí àwọn ìjọba máa padà wá wo ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ sí irúgbìn, kí wọ́n má kàn fọwọ́ sí i kí wọ́n lọ.

Ti àwọn ẹ̀wà àtijọ́ tí àwọn ìyá wa ń gbìn, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, ní ẹ̀yà ẹ̀wà tó lé ní 15,000 nípamọ́. Síbẹ̀, èyí tó wà nípamọ́ ní Ìbàdàn kò sọ pé kí èyí tó wà nínú ìkòkò ìyá wa run.

Bàbá_Àgíríìkì_Ẹ̀gbẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ọmọ. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kàwé. Ẹ ti sọ̀rọ̀ oyin àti labalábá dáadáa. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, ẹ ò tíì dé ibẹ̀: kí Maruca fúnra rẹ̀ wá di ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà yìí láì kú.

Láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò, a lè rí díẹ̀ tí ìfun wọn yàtọ̀, tí purotéènì náà ò rí ibi lẹ̀ mọ́. Tí gbogbo oko láti Ìyàrá dé Ẹ̀kìnrìn-Àdé bá jẹ́ Bt, àwọn yòókù á kú, àwọn díẹ̀ yìí nìkan ló máa kù, wọ́n á gun ara wọn, ọmọ wọn ló sì máa kún oko. Chloroquine tí a ń lò sí ibà nígbà kan, báyìí ló ṣe di ohun tí ibà ò kà sí mọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀. Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí gbin àgbàdo Bt ní 1998. Ní 2007, onímọ̀ kan níbẹ̀, van Rensburg, kọ ọ́ jáde pé Busseola fusca, kòkòrò tó ń gbẹ́ inú igi àgbàdo, ti ń yè é nínú oko Bt. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ni kò gbin àgbàdo lásán, èyí tí kò ní Bt, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ní Puerto Rico, àgbàdo tó ní Cry1F, purotéènì Bt mìíràn, dé ní 2003. Nígbà tó fi máa di 2006, ámíwọ́ọ̀mù ti ń jẹ ẹ́ dé ìdí, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀. Íńdíà gba òwú Bt wọlé ní 2002. Ní 2010 ni Monsanto fúnra rẹ̀ kéde pé kòkòrò tó ń jẹ èso òwú ní Gujarat kò kú sí Cry1Ac mọ́. Wọ́n ń di irúgbìn òwú lásán mọ́ ti Bt fún àgbẹ̀ Íńdíà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dà á nù, nítorí ta ló fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ kòkòrò?

Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí àgbẹ̀ gbin ti lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyí. Inú ti lásán ni kòkòrò tí Bt ṣì lè pa ti máa bí. Tí ọ̀kan nínú àwọn alágídí bá jáde láti inú ti Bt, àárín àwọn púpọ̀ wọ̀nyí ni yóò ti rí ẹnìkejì, ọmọ tí wọ́n bá bí, Bt á ṣì lè pa á. Ní Gúúsù Áfíríkà, 5% oko tí a kò fín oògùn sí rárá, tàbí 20% tí a lè fín, ni òfin wọn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àpò àgbẹ̀ nìkan ni mò ń sọ. Ọjọ́ tí Bt bá kú, oògùn tó le ju ti àná lọ ni a ó padà sí, inú odò Mọ̀pà náà ni yóò sì tún dé. Àti àwọn àgbẹ̀ tó ń fín oògùn Bt nìkan láìlo kẹ́míkà mìíràn, a ó ti ba tiwọn jẹ́ pẹ̀lú tiwa.

Ọmọ_Yàgbà_Toronto

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ìbéèrè kan. Níbi tí mo wà, oko ẹnì kan tóbi ju abúlé lọ, ó rọrùn láti yọ apá kan sílẹ̀. Oko ẹ̀wà wa nílé kò ju éékà kan sí méjì lọ. Báwo ni a ṣe máa yọ 20% nínú ìyẹn? Ta ló máa wá wò ó?

Bàbá_Àgíríìkì_Ẹ̀gbẹ̀

Kò sẹ́ni tó máa wá wò ó, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí ó fi ní láti jẹ́ àdéhùn ẹgbẹ́.

Ọlọ́run tì wá lẹ́yìn díẹ̀ lórí ti Maruca, nítorí kì í ṣe ẹ̀wà nìkan ló ń jẹ. Ó ń jẹ òdòdó àwọn igi àti ìtàkùn inú igbó tí wọ́n jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, nítorí náà igbó fúnra rẹ̀ ń tọ́ kòkòrò tí Bt ṣì lè pa. Ṣùgbọ́n igbó náà ń tán. Ibi tí wọ́n bá ti gé gbogbo rẹ̀ fún kajú tàbí èédú, ìrànlọ́wọ́ yẹn kò sí mọ́.

Ohun kejì ni pé jíìnì kan ṣoṣo ló wà nínú SAMPEA 20-T. Àgbàdo TELA ní méjì, Cry1A.105 àti Cry2Ab2. Kòkòrò tó bá fẹ́ yè é ní láti borí méjèèjì, ìyẹn le fún un díẹ̀, kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. CSIRO ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà tí yóò ní purotéènì kejì tó ń jẹ́ Vip3Ba. Kí ìyẹn tó dé, ọ̀kan yìí ni kí á máa tọ́jú.

Tísà_Ìsánlú

Ẹ gbọ́, Bàbá, ẹ ti sọ ohun tí mo ń wá. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé a máa ń fún ara wa ní irúgbìn nílẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n á fún àbúrò, ìyàwó á gbé e lọ ilé baba rẹ̀. SAMPEA 20-T kì í ṣe èyí tí a ń rà lọ́dọọdún, ènìyàn lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀ kó tún gbìn ín. Láàárín ìgbà díẹ̀, yóò ti dé Odò-Ẹ̀rẹ̀ àti Pọ̀nyàn láìsí orúkọ lára rẹ̀. Ojú kò lè dá a mọ̀. Báwo ni ẹgbẹ́ ṣe máa mọ ibi tí Bt wà àti ibi tí kò sí?

Akọ̀wé_Gbẹ̀dẹ̀

Ṣé òfin fọwọ́ sí i báyìí ṣá? Mo gbọ́ pé Ilé Aṣòfin ti dá GMO dúró.

Onímọ̀_Kòkòrò

Ní oṣù karùn-ún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin pàṣẹ ìwádìí, wọ́n sì ní kí wọ́n dá ìfọwọ́sí tuntun dúró ná. Ẹ̀wà Bt àti àgbàdo TELA ti gba ìfọwọ́sí kó tó di ìgbà yẹn, ti TELA jáde ní oṣù kìíní ọdún náà.

Ìyá_Ẹlẹ́wà_Kàbà

Tísà, ti irúgbìn tí kò lórúkọ, àwa obìnrin ló ń tọ́jú irúgbìn nínú ilé. Ẹ fún wa ní àpò tó ní àmì, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa. A máa ń ya ẹ̀wà funfun sọ́tọ̀ kúrò lára pupa láìsí ẹni tó kọ́ wa. Èyí kò le ju ìyẹn lọ. Ohun tí wọn kì í ṣe ni kí wọ́n pè wá sípàdé nígbà tí wọ́n bá ń pín irúgbìn.

Oníyin_Bùnú

Ìyá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ti wọlé.

Mo tún ní nǹkan kan láti béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ wa. Tí fífín bá dín kù sí ẹ̀ẹ̀mejì, ṣé àwọn kòkòrò yòókù tí oògùn ń pa tẹ́lẹ̀ kò ní í pọ̀ sí i, kí ó wá di pé àgbẹ̀ á padà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà?

Onímọ̀_Kòkòrò

Ó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà, Bàbá. Ní ìhà àríwá ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwú Bt ní 1997. Bí wọ́n ṣe dín oògùn kù, kòkòrò kan tó ń fa omi ewé, mirid, bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ nínú òwú, ó sì tàn dé oko èso. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 2010. Àwọn onímọ̀ kan náà tún kọ̀wé ní 2012: níbi tí oògùn ti dín kù, aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò tó ń jẹ iná ewé pọ̀ sí i, iná ewé dín kù, àǹfààní náà sì dé oko ẹ̀pà àti àgbàdo tó wà nítòsí. Méjèèjì ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà.

Lọ́dọ̀ wa, thrips àti kòkòrò tó ń fa omi inú èso ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ má fín oògùn nítorí pé ọjọ́ ti pé. Ẹ kọ́kọ́ wo inú òdòdó. Tí ẹ bá sì máa fín in, ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí òdòdó ẹ̀wà ti pa, tí oyin ti wọlé. Èyí nìkan yóò gba oyin Bàbá là ju gbogbo àríyànjiyàn wa lọ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí kì í ṣe Bt. IITA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti mú agbọ́n kéékèèké wá láti Éṣíà, wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní Benin àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní agbègbè wa, àwọn agbọ́n tó ń yé ẹyin sínú Maruca. Omi dongoyaro náà ń dín kòkòrò kù. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ní láti mú ọ̀kan kó ju ìyókù nù. Ẹni tó bá gbin Bt kó tún máa fín cypermethrin lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yóò pa agbọ́n náà.

Tísà_Ìsánlú

Ibi tí mo dúró sí nìyí, kí ó yé gbogbo ilé. Mi ò ní kí ẹgbẹ́ Ìyàrá kọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n má gbìn ín títí kan etí igbó tí ẹ̀wà ìgbẹ́ wà, kí wọ́n yọ ti lásán sílẹ̀, kí ẹni tó fún wọn ní irúgbìn sì kọ ọ́ sínú ìwé pé yóò padà wá wò ó. Tí kò bá lè kọ ìyẹn, kí ó gbé irúgbìn rẹ̀ lọ.

Àgbẹ̀_Ìyàrá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí ìwé fún ẹgbẹ́. Ohun tí èmi yóò sọ nípàdé ni pé kí ìdá kan nínú márùn-ún oko ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀wà àtijọ́ tiwa, kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ máa tọ́jú irúgbìn méjèèjì nínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fín oògùn kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, kí fífọ pọ́m̀pù sódò sì di ohun tí a ń gba owó ìtanràn lé lórí. Etí igbó tí Tísà sọ, a ó fi àgbàdo tàbí gbágùúdá sí i.

Ó ku ìbéèrè kan. Tí Maruca bá bẹ̀rẹ̀ sí yè é, báwo ni àgbẹ̀ lásán ṣe máa mọ̀ nígbà tí kò tíì bọ́ sórí?

Onímọ̀_Kòkòrò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa já òdòdó àti èso tútù nínú ti Bt àti nínú ti lásán, ẹ là wọ́n wò. Nínú ti lásán, ẹ ó máa rí ọmọ Maruca: ara rẹ̀ funfun rẹ́súrẹ́sú, àwọn àmì dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlà-ìlà, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì wà lẹ́nu ihò. Nínú ti Bt, tí ẹ bá rí ọ̀kan tó kéré gan-an tó sì ti kú, kò sí wàhálà. Tí ẹ bá rí èyí tó ti dàgbà tó ń rìn, ẹ wo igi náà dáadáa bóyá irúgbìn lásán ló dà pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lórí igi púpọ̀ níbì kan náà, ẹ kó àwọn kòkòrò náà láàyè pẹ̀lú èso tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sínú ike tó ní ihò atẹ́gùn, ẹ kọ orúkọ oko àti ọjọ́ sí i. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ADP, ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kàbà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí IAR. Ẹ má fín oògùn sí ibẹ̀ kí ẹ tó kó wọn, nítorí òkú kòkòrò kò ní í sọ fún wọn bóyá ó lè yè é.